Bí Mo Ṣe To Róbà Ọkọ̀ Òfúrufú

Fọ́ọ̀mù kejì ni mo ti sá kúrò nílé ìwé. Owó ò tán o, orí ni ò sí. Àbúrò màmá mi, tí mò ń pè ní Bọ̀dá, ló bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó gbà mí sí sítọ̀ tí wọ́n ń kó ẹ̀yà ọkọ̀ òfúrufú sí, níbi tóun fúnra ẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá.

"Tó o bá ba nǹkan jẹ́, èmi ni wọ́n máa lé o. Ọmọ mẹ́rin ló wà nílé mi n'Ísọlọ̀."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bọ̀dá." Èmi ọ̀dẹ̀ yìí ló dáhùn bẹ́ẹ̀.

Róbà kékeré kan wà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ òfúrufú. Ó máa ń darúgbó nínú ọ̀rá tí wọ́n dì í sí, déètì tó máa kú sì wà lára ẹ̀. Èyí tó ti pẹ́ ló yẹ kó wà níwájú, ká lè kọ́kọ́ lò ó. Bọ̀dá sọ fún mi, mo sì gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́sàn ni mí: ní Ṣógúnlé, èyí tó ń dán là ń tò síwájú. Nígbà tí róbà tuntun dé, mo tò ó bí ọsàn, mo fọwọ́ sí ìbàdí bí ẹnjiníà. Bọ̀dá ò yẹ̀ ẹ́ wò, torí ó gbà mí gbọ́.

Nígbà tó yá, tuntun tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ kan wọlé, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń jò. Ẹnjiníà wá gba róbà. Ó wo déètì kan, ó wo òmíì. Gbogbo ẹ̀ ló ti kú.

"Ọ̀gá sítọ̀, ṣé sítọ̀ nìyí àbí itẹ́ òkú?"

Ọkọ̀ ò lè fò mọ́. Mánéjà dé: "Ta ló to èyí?"

Èmi tí mo máa ń sín mánéjà jẹ tó bá ti kẹ̀yìn, ẹ̀yìn Bọ̀dá ni mo sá sí. Bọ̀dá wò mí.

"Èmi ni, sà," ló wí.

Wọ́n ní kó máa lọ. Mo sáré bá a lọ́nà Òṣòdì. "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n lọ jẹ́wọ́."

"Kí wọ́n lè lé àwa méjèèjì? Padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ."

Mo padà, ọ̀bọ lásánlàsàn.

Lọ́sẹ̀ kejì, mánéjà kó kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ tó wà lọ́wọ́ Bọ̀dá tẹ́lẹ̀ fún mi, ó ní kí n máa mú un títí wọ́n á fi rí ẹlòmíì. Mo gbà á. Mo tún dọ̀bálẹ̀.