Ọkùnrin Ẹ̀yìn Pátákó

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ààlọ́ mi yí bírí, ó yí bíi pátákó, ó bọ́ sórí ọkùnrin kan tí gbogbo ayé ń wo iṣẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ojú rẹ̀.

Nígbà kan, ìdíje kan wà lórí tẹlifíṣàn. Atọ́kùn á béèrè ìbéèrè, olùdíje á dáhùn, pátákó ńlá kan á wá yí fúnra rẹ̀, ìdáhùn á hàn. Fúnra rẹ̀ kẹ̀? Káfíńtà kan ló lóṣòó sẹ́yìn rẹ̀, tó ń fọwọ́ yí i. Òfin kan ni wọ́n fún un: kò gbọdọ̀ fọhùn, kí ayé má baà mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ń wo eré náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò rí ọmọ. Àwọn aládùúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Káfíńtà, ọmọ yín tó ń ṣiṣẹ́ ní tẹlifíṣàn, ṣé abẹ́ tábìlì ló ń gbé ni?" Ìyá á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún. Ó pe ọmọ jókòó.

"Tó bá jẹ́ pé o ò níṣẹ́, sọ fún mi. Èmi ni mo bí ẹ, mi ò ní lé ẹ."

Ọmọ mú ìyá lọ síbi iṣẹ́, ó fi í sáàárín àwọn òǹwòran. "Màmá, tí pátákó yẹn bá ti yí, èmi ni o."

Eré bẹ̀rẹ̀. Wọ́n béèrè ìbéèrè, olùdíje dáhùn. Pátákó yí. Ẹ gbọ́ ná, ìyá wo ló máa bá ọmọ lẹ́nu iṣẹ́ tí kò ní kí i? Ìyá dìde.

"O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi."

Ọkùnrin náà rántí òfin. Ó rántí ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kí ìyá ẹni kíni, kéèyàn dákẹ́?

Pátákó dáhùn: "Oo, màmá mi."

Ẹ̀rín sọ. Olùdíje gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Atọ́kùn yọjú sẹ́yìn pátákó, ó fa ọkùnrin náà jáde, tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì tó kún fún ìyẹ̀fun pákó. Ìyá wò ó látòkè délẹ̀.

"O ti rù. Ṣé wọ́n ń jẹ́ kó o jẹun níbí?"

Nígbà tí eré parí, ọ̀gá fajú ro, ó ní àfi kóun lé e. Ìyá bẹ̀ ẹ́: "Ẹ má bínú, ọ̀gá, èmi ni mo fà á. Ilé ni n ó ti máa kí i." Ọ̀gá ní ó dáa, kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Látìgbà náà, tí pátákó bá ti yí, ìyá á kí i látorí àga nílé, àwọn aládùúgbò á bá a kí i. Ẹni tó ṣe yẹ̀yẹ́ jù lọ ni ohùn rẹ̀ máa ń ròkè jù.

Ó tó. Ìwọ tó ò ń ṣẹ́jú yẹn, mo rí ẹ. Ẹ gbé ẹní yín, ẹ lọ sùn.