Òkúta Inú Omi Ẹja Ọ̀gá Wa

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tí mo ń kọ́ni ní Agége, tí mo sì ń gbé yàrá kan nílé ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa. Ọ̀gá ń sin ẹja nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀. Láràárọ̀, kí wọ́n tó dáhùn ìkíni ẹnikẹ́ni, wọ́n á kọ́kọ́ gbóòórùn omi náà. Bí kò bá rùn, wọ́n á ní, "Iṣẹ́ ń lọ."

Ní ọjọ́ kan, ìyá ìyàwó wọn dé láti Ìjẹ̀bú. Màmá rí òkúta tí nǹkan yíyọ̀ bò nísàlẹ̀ omi, wọ́n sì mú ọṣẹ.

"Àna mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ ẹ̀gbin yìí."

Ọ̀gá kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bí ọṣẹ bá kàn án, ẹja á kú. Ìgbẹ́ ẹja ń di májèlé nínú omi. Kòkòrò àìfojúrí wà lára òkúta yẹn. Àwọn kan ń yí májèlé náà padà, àwọn mìíràn ń sọ ọ́ di ohun tí ewé inú omi ń jẹ. Ọṣẹ á pa gbogbo wọn."

"Kòkòrò tẹ́nì kan ò rí ló ń bá yín ṣiṣẹ́ ilé? Ọ̀lẹ lẹ̀ ń ṣe."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Wọ́n bu omi inú àpótí náà sínú báàfù, kí kòkòrò wọ̀nyẹn má baà kú, wọ́n kó òkúta díẹ̀ sí i. Màmá fọwọ́ lásán ṣàn án, inú wọn dùn. Ẹja kankan kò kú.

Ẹ̀yin tó ń sin ẹja nílé, mo bẹ̀ yín, ẹ má fọ gbogbo òkúta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má sì fi ọṣẹ kàn án.