Onídùúró fún Kámẹ́rà Bàbá Onífótò

Ọjọ́ tí Bàbá Onífótò ra kámẹ́rà tuntun ni wọ́n sọ fún ọmọbìnrin tó tà á pé kó lọ mú ìyá rẹ̀ wá.

Gbogbo Abà Ọ̀ṣuntọ́lá ló mọ ìtàn yìí. Wọ́n ń sọ ọ́ dé Mọníyà. Sàníù Àjàní ni orúkọ bàbá gan-an, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ya àwòrán ìkómọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú lágbègbè yìí, orúkọ iṣẹ́ ti jẹ orúkọ àbísọ mọ́ wọn lọ́wọ́. Olóògbé ni wọ́n báyìí. Ìtàn ló kù.

Ṣọ́ọ̀bù kan ní ìgboro Ìbàdàn ni wọ́n ti ra kámẹ́rà náà. Humairah lorúkọ ọmọ tó ń tajà níbẹ̀. Bàbá ti sanwó. Wọ́n ti gbé páálí sórí itan, wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà lábẹ́ àga. Humairah wá ní, "Bàbá, ṣé ẹ óò fi wàráńtì kún un?"

"Kí ló ń ṣe é?"

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe é, sà. Ìwé ni. Bó bá bàjẹ́ láàárín ọdún kan, a ó bá yín tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá fowó díẹ̀ kún un, á di ọdún mẹ́rin."

Bàbá gbé páálí padà sórí tábìlì. "Ṣé ẹ mọ nǹkan kan nípa kámẹ́rà yìí tí ẹ ò sọ fún mi ni?"

"Rárá, sà."

"Bí mo bá ra iṣu ní Ṣáṣá, tí oníṣu ní kí n fowó díẹ̀ kún un nítorí bó bá lọ rà, ṣé n óò gbé iṣu yẹn délé?"

Humairah lọ pe mánija. Fọlájìmí ni mánija ń jẹ́, ó so táì, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ó ní kí bàbá fọkàn balẹ̀, pé ilé iṣẹ́ ló dúró fún ọ̀rọ̀ náà.

"Ilé iṣẹ́ wo?"

"Ilé iṣẹ́ wa, sà."

"Agboolé wo ni wọ́n bí i sí?"

"Ilé iṣẹ́ ni, bàbá. Wọn ò bí i."

"O ò rí i. Kò ní ìyá. Ká tó ra ilẹ̀, ẹnì kan á dúró. Ká tó fọmọ fọ́kọ, ẹnì kan á dúró. Bí ẹni tí kò ní ìyá bá já mi kulẹ̀, ta ni n óò lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn?" Bàbá kọjú sí Humairah. "Ìyá tìẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà. Alákìà ni wọ́n ń gbé."

"Ó dáa. Lọ mú wọn wá."

Ẹ má rò pé bàbá ń ṣeré. Kámẹ́rà wọn àtijọ́ ti kú. Ilẹ̀ kòkó kan ṣoṣo tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ni wọ́n tà ra tuntun yìí. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta kò tún lè padà sídìí ọkọ́. Bí tuntun bá kú, kò sí ilẹ̀ mìíràn tí wọn yóò tà. Bí wọ́n bá sì fi owó tó ṣẹ́ kù lápò ra wàráńtì, tí wàráńtì lọ jẹ́ irọ́, wọn ò ní rówó ọkọ̀ dé ibi iṣẹ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni ṣọ́ọ̀bù fún wọn láti pinnu. Bàbá ò fi ọjọ́ kan ṣòfò nínú ẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ní kí Rùqáyyàh ọmọ wọn ka ìwé wàráńtì náà sí wọn létí, kó má fo nǹkan kan.

Rùqáyyàh kà á. "Ó ní bí omi bá wọ̀ ọ́, kò kàn wọ́n. Bí iyanrìn bá wọ̀ ọ́, kò kàn wọ́n. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ yín, kò kàn wọ́n."

Bàbá ronú sí i. "Omi, iyanrìn, kó bọ́ lọ́wọ́. Ibi iṣẹ́ mi ni wọ́n ń kà yẹn."

Ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe kékeré lójú wọn. Nígbà tí òjò pa kámẹ́rà àtijọ́ ní Ìjàyè, ẹnì kan ló sọ fún wọn pé ìrẹsì máa ń fa omi. Bàbá délé, wọ́n ri gbogbo ẹ̀ sínú àpò ìrẹsì: kámẹ́rà, bátìrì, àti káàdì kékeré tó ń tọ́jú àwòrán. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, wọ́n yọ kámẹ́rà, wọ́n yọ bátìrì. Káàdì ni wọ́n gbàgbé.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àna dé. Ìyá Rùqáyyàh se ìrẹsì. Àgbà àna bu oúnjẹ sẹ́nu, nǹkan dún kàs. Ó ń ronú bóyá kó tu òkúta náà dànù ni tàbí kó gbé e mì, nítorí ojú. Bàbá Onífótò fò dìde, wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ sí i lábẹ́ àgbọ̀n.

"Ẹ jọ̀ọ́, àna mi, ẹ má gbé e mì. Ìkómọ méjì àti ìsìnkú kan ló wà níbẹ̀."

Nítorí náà, wàráńtì tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ omi, bàbá ò fọkàn tán an. Wọ́n tọ Àlùfáà Khàlíl lọ ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n bi í bóyá kò lòdì kí èèyàn máa sanwó lórí ohun tí Ọlọ́run nìkan mọ̀.

Àlùfáà ní, "Sàníù, ẹni tó bá tilẹ̀kùn kó tó sùn kò sọ pé Ọlọ́run ò lè ṣọ́ ilé."

"Mo gbà, Àlùfáà. Mo ti ra ilẹ̀kùn. Àgádágodo ni wọ́n tún fẹ́ tà fún mi, wọ́n wá ní ọ̀dọ̀ àwọn ni kọ́kọ́rọ́ á wà."

Àlùfáà Khàlíl ní àkókò ìrun ti tó. Ìrun ṣì ku wákàtí kan.

Bàbá padà sí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ kẹsàn-án. Wọ́n padà ní ọjọ́ kẹrìnlá. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti ń bá wọn gbé àga síta kí wọ́n tó dé. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀dínwó ni wọ́n bá wá.

"Mánija, ẹ yọ Ramadan kúrò níbẹ̀."

"Kúrò níbo, sà?"

"Nínú wàráńtì. A kì í ṣègbéyàwó nínú Ramadan. Inú àpótí ni kámẹ́rà mi máa ń wà. Kí ni mo ń sanwó oṣù yẹn sí? Ramadan mẹ́rin ló wà nínú ọdún mẹ́rin. Ẹ yọ oṣù mẹ́rin fún mi."

Fọlájìmí tú táì rẹ̀ díẹ̀. "Bàbá, wàráńtì kì í ṣe iṣu. A kì í gé e."

"Ẹni tí kì í gé nǹkan, báwo ló ṣe gé e sí ọdún mẹ́rin?"

Wọ́n ní mánija wọ yàrá ẹ̀yìn lọ. Kò jáde títí bàbá fi lọ.

Ọgbọ̀n ọjọ́ wá pé. Bàbá dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bá obìnrin kan tó jókòó sórí àga wọn. Àsmá'ù ni, ìyá Humairah, tó ń ta abọ́ rọ́bà ní Alákìà. Odindi oṣù kan ni ọmọ rẹ̀ ti ń délé sọ̀rọ̀ bàbá yìí. Ó tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó wọkọ̀ wá.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n wá?"

"Èmi ni. Ẹ kú àbọ̀. Ọmọ yín ń bá mi dá májẹ̀mú ọdún mẹ́rin. Mo fẹ́ rí ẹni tó tọ́ ọ."

"Èmi ni mo tọ́ ọ. Ó máa ń sùn jù, ṣùgbọ́n kì í purọ́."

"Màámi," Humairah ní.

"Ṣé irọ́ ni? Ó di aago mẹ́jọ lónìí kó o tó jí." Àsmá'ù kọjú sí bàbá. "N óò dúró fún un. Ta ló máa dúró fún ẹ̀yin?"

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà. Bẹ́ ẹ bá lọ là á mọ́lẹ̀, tí ẹ wá ní fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́, tí wọ́n tìtorí ẹ̀ lé ọmọ mi níṣẹ́, ta ni n óò wá bá?"

Ọgbọ̀n ọjọ́, kò sẹ́ni tó ronú kan ìbéèrè yìí. Bàbá pe Ìyá Rùqáyyàh lórí fóònù, wọ́n gbé ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́.

Àsmá'ù ní, "Ìyá wa, ẹ kú ilé. Ṣé ọkọ yín kì í purọ́?"

"Wọn kì í purọ́," ni ohùn Ìyá Rùqáyyàh dáhùn. "Wọ́n lè fi àròyé pa èèyàn, ṣùgbọ́n wọn kì í purọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba owó yẹn lọ́wọ́ wọn. Oṣù kan ni mi ò tíì rí oorun sùn."

Ó parí. Àwọn obìnrin méjèèjì wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn. Wọ́n bi ara wọn léèrè ọmọ, wọ́n bi ara wọn léèrè ọjà, wọ́n dórí iye tí abọ́ rọ́bà ńlá ń lọ báyìí. Bàbá di fóònù mú fún wọn títí apá fi ń ro wọ́n. Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, wọ́n ti sanwó wàráńtì ọdún mẹ́rin. Wọ́n sì ti sanwó abọ́ mẹ́fà.

Ọdún kan kọjá, kámẹ́rà ò ṣe nǹkan kan. Kàkà kí inú bàbá dùn, ó ń dùn wọ́n. Bí àdúgbò bá kí wọn pé iṣẹ́ ńkọ́, wọ́n á ní, "Ó ṣì ń ṣiṣẹ́," bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Oṣù kejì ọdún kejì, bàbá lọ ya ìgbéyàwó kan ní Lálúpọn. Wọ́n to ọkọ àti ìyàwó. Wọ́n ní kí ọkọ gbé àgbọ̀n sókè, kí ìyàwó rẹ́rìn-ín. Bàbá tẹ kámẹ́rà. Kò dún. Wọ́n tún un tẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ṣí mọ́.

Ẹlòmíràn ì bá káwọ́ lérí. Bàbá Onífótò bú sẹ́rìn-ín.

"Ó ti bàjẹ́," wọ́n ní. "Fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́. Ẹ bá mi wò ó. Kò sómi, kò síyanrìn, kò bọ́ lọ́wọ́ mi." Wọ́n ń bọ àwọn èèyàn lọ́wọ́ kiri bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì. Ìyá ìyàwó sáré wá bi wọ́n pé àwòrán ọmọ òun ńkọ́. Bàbá na ìwé àti bírò sí i. "Àwòrán ń bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ yín síbí pé ó ṣojú yín."

Ẹni mọ́kànlá ló kọ orúkọ. Ìyàwó ló ṣe ìkẹwàá. Fóònù ni bàbá fi parí iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n kó márùn-ún nínú àwọn ẹlẹ́rìí sínú ọkọ̀, ó di ṣọ́ọ̀bù. Humairah gba kámẹ́rà, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, sà."

"Ṣé kò sí ìbéèrè?"

"Kò sí, sà."

"Ẹ ò ní sọ pé mo jù ú sómi?"

"Ṣé ẹ jù ú sómi ni?"

"Mi ò jù ú sómi."

"Ó tán nìyẹn, sà."

Bàbá wo Humairah. Wọ́n wo àwọn ẹlẹ́rìí márààrún tó to ara wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí ọ̀kan nínú wọn gbé Kùránì dání bó bá di pé kí wọ́n búra. "Ó kéré tán," wọ́n ní, "jẹ́ kí àwọn èèyàn wọ̀nyí sọ nǹkan kan. Mo ti sanwó ọkọ̀ wọn."

Humairah jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kámẹ́rà padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń ṣiṣẹ́ bíi tuntun. Bàbá fi ya ìkómọ márùn-ún àti ìgbéyàwó méjì. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń sọ fún èèyàn pé kí wọ́n máa ra wàráńtì, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ rí ìyá ẹni tó ń tà á.

Lẹ́yìn náà ni ara bàbá ò yá. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni.

Ọjọ́ tí a sin wọ́n, èrò pọ̀. Àsmá'ù wá láti Alákìà, Humairah tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ ti ṣú kí Àlùfáà Khàlíl tó sọ pé kò sẹ́ni tó ya àwòrán kankan. Kò sí ìsìnkú kan lábà yìí láti ọgbọ̀n ọdún tí kò ní àwòrán, àfi èyí. Kò sẹ́ni tó ronú kàn án. Ó ti mọ́ wa lára pé wọ́n wà níbì kan láàárín èrò, tí wọ́n ń ní ká sún mọ́ra.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Humairah wá kí Ìyá Rùqáyyàh. Ó ní wàráńtì ṣì ku ọdún méjì ó lé. Ó ní fọ́ọ̀mù kan wà, bí Ìyá bá fọwọ́ sí i, àwọn á yọ orúkọ bàbá, àwọn á fi ti Ìyá sí i.

Ìyá Rùqáyyàh bi í pé, "Bẹ́ ẹ ò bá yọ ọ́ ńkọ́?"

"Á wà bẹ́ẹ̀, mà. Nínú ìwé tiwa, bàbá ṣì ló ni ín, títí ọdún á fi pé."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀."

Oṣooṣù ni ṣọ́ọ̀bù máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá. Ìyá Rùqáyyàh ló ń rí i pé fóònù náà kò kú. Bó bá ti dún, wọ́n á pe ọmọ wọn. Èyí tó wọlé lóṣù tó kọjá ní, "Ọ̀gbẹ́ni Sàníù Àjàní, a kí yín. Ó ku ọdún méjì àti oṣù márùn-ún. Ẹ kú ìtọ́jú kámẹ́rà yín."

Rùqáyyàh kà á tán, ó fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti fìdí kalẹ̀ sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Tún un kà," wọ́n ní. "Rọra máa kà á."