Ariwo Fáànù àti Ohùn Bàbá Mi

Ọdún tí dókítà sọ pé àwọn máa yọ àpótí ohùn bàbá mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Linux, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà. N kò kọ́ ọ tán.

Ọmọ bíbí Ọ̀jọ́ ni bàbá mi. Kí ó tó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà tí à ń gbé ní Òkokomáìkò, ọkọ̀ ojú omi ló ń tù. Etí omi Ọ̀jọ́ ló ti ń kó èrò lọ sí àwọn erékùṣù, nígbà tí ẹ̀rọ kò tíì gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àjẹ̀. Ó mọ orúkọ gbogbo ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí nígbà náà, títí kan àwọn tí koríko ti bò, àti àwọn tí wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ sí tí wọ́n kọ́lé lé lórí. Ẹnu Àwórì ló fi ń pe àwọn orúkọ náà. Bí àwa ọmọ bá dán an wò, á rẹ́rìn-ín, á ní ẹnu Èkó la fi ń pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan ló tún mọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì ti kú.

Ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ há. A rò pé ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lọ, òjò dé, ohùn kò padà. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní kókó kan ti wà ní ọ̀fun rẹ̀, àti pé bí wọn kò bá yọ ọ́ pẹ̀lú àpótí ohùn, yóò gba ẹ̀mí rẹ̀. Dókítà fà mí sí kọ̀rọ̀.

"Iṣẹ́ abẹ náà ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ó ní. "Tí ọ̀rọ̀ bá wà tí ẹ fẹ́ gbọ́ lẹ́nu wọn, ẹ gbọ́ ọ báyìí."

Orúkọ àwọn èbúté yẹn ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Iṣẹ́ títẹ̀wé ni mo ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìyànà Ìbà. Mo ní láptọ́ọ̀pù tèmi nílé, tòkunbọ̀ tí mo rà ní ọjà Alaba. Ó ti gbó, ó sì máa ń lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin tó ń bá mi tún un ṣe fi yọ ètò tó wà lórí rẹ̀ kúrò, tó fi Linux rọ́pò. Ó ní Linux fúyẹ́. Òótọ́ ni, ẹ̀rọ náà yára. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni fáànù inú rẹ̀ kò ti sinmi mọ́. Bí mo bá ti tàn án báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọn kò da ata sí.

Mo ra gbohùngbohùn kékeré kan tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ láptọ́ọ̀pù. Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo gbé e sí iwájú bàbá mi ní pálọ̀.

"Kí lo fẹ́ fi ohùn tó ti bàjẹ́ ṣe?" ó bi mí.

"Ẹ ṣáà máa sọ̀rọ̀, Bàámi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí omi Ọ̀jọ́, kí ẹ máa dárúkọ wọn títí ẹ ó fi sọdá."

Ó sọ̀rọ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Nígbà tí mo tẹ́tí sí ohun tí mo gbà sílẹ̀, fáànù ló kún inú rẹ̀. Bàbá mi ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún bí ẹni tó ń pe ènìyàn láti òdìkejì omi, tí atẹ́gùn ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Mo ń gbọ́ pé orúkọ ló ń dá, n kò gbọ́ orúkọ ọ̀hún.

Ẹnìkan lè ní kí ló dé tí n kò lo fóònù. Fóònù mi ti já sínú garawa omi rí, ẹnu rẹ̀ kò sì gbohùn dáadáa mọ́. Mo yá ti àbúrò mi lẹ́ẹ̀kan, ó gba ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn ayálégbé ju ohùn bàbá mi lọ. Ǹ bá yá òmíràn. Ǹ bá gbé bàbá mi lọ sí ibi tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti wọ̀ mí lórí pé fáànù yẹn nìkan ni ìṣòro, àti pé bí mo bá ṣẹ́gun rẹ̀, gbogbo nǹkan á dára.

Mo lọ bá ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Alaba.

"Ọ̀gá, ariwo fáànù yìí ńkọ́?"

"Àǹtí, ẹ lè ṣe é fúnra yín. Linux ò fi nǹkan pamọ́ fún èèyàn. Ẹ ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí yẹn, kí ẹ máa tẹ àṣẹ fún un."

Ó kọ àṣẹ mẹ́ta sórí bébà fún mi. Èkíní ń wá ohun tó ń wọn ooru nínú ẹ̀rọ. Ó ń bi mí ní ìbéèrè lórí ìbéèrè, mo sì ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, láìmọ ohun tí mo ń gbà sí. Èkejì fi ooru náà hàn mí, n kò sì rí ìdí kankan níbẹ̀ tí fáànù fi gbọ́dọ̀ máa sáré bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ló yẹ kó darí fáànù. Ó dáhùn pé òun kò rí ohunkóhun tí òun lè darí nínú ẹ̀rọ yìí. Mo tún un tẹ̀. Ìdáhùn kan náà.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn ènìyàn kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkan á ní kí a yí ètò kan padà, ẹlòmíràn á ní kí a má fọwọ́ kàn án. Mo ń da àṣẹ kọ láti ibì kan sí ibòmíràn bí ọmọ tó ń jíwèé wò nínú ìdánwò. Ìgbà kan wà tí láptọ́ọ̀pù kọ̀ láti tàn fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo tún gbé e lọ sí Alaba. Ọ̀gá tú u, eruku jáde nínú rẹ̀ bí òwú, ó sì fi oje tuntun tó ń fa ooru kúrò sí abẹ́ irin inú rẹ̀. Ariwo lọ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ó padà dé.

Ọ̀sẹ̀ ń lọ. Bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi á yọjú láti yàrá rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀rọ rẹ ti dákẹ́?"

"Ó ku díẹ̀, Bàámi."

"Kí n wá sọ ọ́ báyìí?"

"Rárá o. Ẹ fi ohùn yín pamọ́. Tí mo bá tún un ṣe tán, ẹ ó sọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Kò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́, kò pe àwọn ayálégbé mọ́, ó dákẹ́ kalẹ̀ láàárín ilé rẹ̀ nítorí pé èmi ni mo ní kí ó fi ohùn pamọ́. Lójoojúmọ́ ni ohùn tó ń pa mọ́ náà sì ń tinrin sí i.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, mo rí àṣẹ kan tí ẹnìkan kọ fún irú láptọ́ọ̀pù tèmi gan-an. Ó ń gba fáànù lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ó sì ń dá a dúró pátápátá. Ẹni náà kìlọ̀ pé kí a má gbójú kúrò lára ooru. Mo tẹ̀ ẹ́. Fáànù kú. Mo gbé etí lé láptọ́ọ̀pù, mo gbọ́ bí aládùúgbò ṣe ń gbálẹ̀ lẹ́yìn fẹ́ńsì. Omi jáde lójú mi.

Ọjọ́ kejì, lọ́sàn-án, iná wà, kò sí ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀. Bàbá mi jókòó, mo fi gbohùngbohùn sí ẹ̀gbẹ́ ètè rẹ̀, mo dá fáànù dúró. Ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ju afẹ́fẹ́ lọ mọ́, ṣùgbọ́n nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó dún ketekete. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tó di àjẹ̀ mú. Ó dé èbúté tí ìyá rẹ̀ ti ń ta ẹja, ó rẹ́rìn-ín. Èmi tó yẹ kí n máa wo ooru, ojú rẹ̀ ni mò ń wò.

Láptọ́ọ̀pù kú. Mo fọwọ́ kàn án, ó jó mi lọ́wọ́. Bàbá mi kò mọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. N kò dá a dúró. N kò ní ẹnu tí mo fẹ́ fi sọ fún un. Mo jókòó, mo gbìyànjú láti fi orí gba àwọn orúkọ náà bó ṣe ń dá wọn, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan ṣe ń wọlé ni òmíràn ń jáde.

Nígbà tó parí, ó mí kanlẹ̀.

"Ṣé ó wọ inú ẹ̀?"

"Ó wọ̀ ọ́, Bàámi."

Nígbà tí ẹ̀rọ tutù, mo tàn án. Fáìlì náà wà níbẹ̀, ó ní orúkọ tí mo fún un, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo pinnu pé a ó tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ kejì, bàbá mi la ẹnu, kò sí ohùn. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn ló kẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, a gbé e lọ.

Ọ̀gá yẹ fáìlì náà wò ní Alaba. "Àǹtí, ẹ má bínú. Òfo ni." Ó tún gbìyànjú láti yọ ariwo kúrò nínú ti Sátidé àkọ́kọ́. Bí fáànù ṣe ń lọ ni ohùn bàbá mi ń bá a lọ, ohun tó ṣẹ́kù dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, àtúnṣe kan wọlé fún Linux, mo gbà á bí mo ṣe máa ń gba gbogbo wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ tún tàn, fáànù ti rọlẹ̀. N kò ṣe nǹkan kan. Láti ọjọ́ yẹn, ó dákẹ́.

Bàbá mi yè é. Ihò kan wà ní ọrùn rẹ̀ tó fi ń mí, ìwé àti bírò ló sì fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kan ó kọ ọ́ pé, "Je ki n gbo ohun mi." Mo kúnlẹ̀, mo sọ òtítọ́ fún un. Ó pa ìwé náà dé, ó gbé e sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó fúnra rẹ̀ mú ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn èbúté náà sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ló ti kọ́ ìwé, kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, kì í fi sábẹ́ rẹ̀. Ó kọ "Ajegbo."

"Ajégbó?" mo bi í. Ó mi orí pé rárá. "Àjẹgbó?" Ó tún ní rárá. "Ajẹ́gbọ̀?" Ó fẹ́ pè é fún mi. Ètè rẹ̀ ṣí, ó pa dé, afẹ́fẹ́ ń jáde ní ọrùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò sí lórí ètè. Mo ní kí ó fi ọwọ́ júwe, kí ó gbé e sókè níbi tí ohùn bá ti ròkè. Ọ̀rọ̀ mi kò yé e. Ẹni tó ti ń pe orúkọ kan láti kékeré, kò ka òkè rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí.

Mo tún pè é ní ọ̀nà mẹ́ta mìíràn. Ní ìkẹyìn, ó rẹ̀ ẹ́, ó mi orí wá sílẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.