Kọ́tìnì Tí Kò Kan Ilẹ̀

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́, n kò sì ní bá yín jà. Bí ẹlòmíràn bá sọ fún mi pé ẹsẹ̀ òun méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìgbéyàwó ká, tí kò sì gbé wọn lọ síbì kankan, èmi náà yóò bi í pé ta ló ta ẹmu fún un. Ṣùgbọ́n ìdí kọ́tìnì lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kọ́tìnì sì ni iṣẹ́ mi.

Màmá Kafaya ló kọ́ mi. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ṣómólú láàárín àwọn ilé ìtẹ̀wé, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í ti í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ó ní kí n jókòó sórí àga, kí n sọ ohun tí mo rí. Mo ní mo rí kọ́tìnì.

Ó ní, "O ò tíì rí nǹkan kan. Ibi tí ojú àlejò bá balẹ̀ sí nígbà tó bá jókòó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ro kọ́tìnì. Àga ni kó o kọ́kọ́ wò, kí àwọ̀ aṣọ má lọ bá àga fa wàhálà. Lẹ́yìn ìyẹn, kó o wá wọn gígùn."

Lórí gígùn, kì í gba àwíjàre. Kọ́tìnì gbọ́dọ̀ kọjá ìsàlẹ̀ fèrèsé díẹ̀, tàbí kó kan ilẹ̀ pátápátá. Èyí tó bá dúró sáàárín, ṣòkòtò ọmọ tó ń ga ló máa ń pè é. Mo gba ẹ̀kọ́ yìí sórí dáadáa, mo gba òmìnira, mo sì ya ṣọ́ọ̀bù tèmi sí iwájú tirẹ̀ gan-an kó lè máa rí mi bú.

Ayé ológun nígbà náà. Wọ́n ti ti bodè, aṣọ òkè òkun kò wọlé mọ́, a sì ń tò fún ṣúgà bí ẹni ń tò fún ìwòsàn. Kò sẹ́ni tó ń pààrọ̀ kọ́tìnì. Àwọn oníbàárà mi ń mú ti àtijọ́ wá kí n yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí iwájú. Nítorí náà, nígbà tí Bàbá Bọ́sẹ̀ wá láti Bàrígà, tó ní òun fẹ́ kọ́tìnì tuntun, mo fún un ní àga kó tó parí ọ̀rọ̀.

Akọ̀wé ni Bàbá Bọ́sẹ̀ títí wọ́n fi dá òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Láti ilé tó ní yàrá mẹ́ta, òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ kó lọ sí yàrá ńlá kan ṣoṣo nísàlẹ̀ ilé alájà kan. Bọ́sẹ̀, àkọ́bí rẹ̀, sì ti rí ọkọ. Àwọn ará ilé ọkọ ń bọ̀ láti Obánikòró wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, àwọn tí wọ́n mọ Bàbá nígbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé.

Ó ní, "Télọ̀, mo fẹ́ kí wọ́n bá mi ní pálọ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bá mi ní yàrá."

Bí a ṣe ṣe é nìyí. A ó ta ọ̀pá láti ògiri dé ògiri, a ó fi kọ́tìnì gé yàrá náà sí méjì. Iwájú á di pálọ̀, pẹ̀lú àga tí wọ́n yá lọ́wọ́ ará ilé. Ẹ̀yìn á gba gbogbo ìyókù: bẹ́ẹ̀dì, dúrọ́ọ̀mù omi, àpò gàrí, sítóòfù àti ìkòkò. Mo bá wọn yan aṣọ aláwọ̀ ewé tó bá àga náà mu. Mo ní kó kan ilẹ̀.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ní rárá. "Ṣé o mọ Bàrígà ṣá? Bí òjò bá rọ̀, omi ló ń kọ́kọ́ wọlé kí wa. Aṣọ tó bá kan ilẹ̀ á jẹrà, níbo la ó ti rí òmíràn?"

Òótọ́ ni. A gbé e sókè ní ìbú àtẹ́lẹwọ́. Mo dúró, mo wò ó, n kò rí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Mo jókòó, bákan náà. Ìyá Bọ́sẹ̀ jókòó, Bọ́sẹ̀ jókòó, Bàbá jókòó, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ṣì ń lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ Yorùbá ni gbogbo wa nínú yàrá yẹn, síbẹ̀ kò sẹ́nì kan tó rántí pé ọkọ ìyàwó kì í dúró kí àna, kì í sì í jókòó kí i.

Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ náà gan-an, mo bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé lọ to ìṣẹ́po aṣọ náà kó lè gún régé. Ìṣó tó di ọ̀pá mú lápá òsì bá yọ kúrò lára ògiri. Mo fi ọwọ́ gbá ọ̀pá mú. Bí mo ṣe ń wá òòlù ni a gbọ́ "Àgò onílé o." Àwọn ará Obánikòró ti dé ṣáájú àkókò.

Bàbá tì mí sẹ́yìn kọ́tìnì. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Dì í mú. Má yọjú o."

Mo dì í mú. Èèyàn kúkúrú ni mí, nítorí náà orí ìka ẹsẹ̀ ni mo ti naró, ọwọ́ lókè bí ẹni tí sọ́jà dá dúró. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe kíra wọn, mo gbọ́ tí ẹnì kan yin pálọ̀. Inú mi dùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí ọkọ wá kí àna.

Délé ni orúkọ ọkọ. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe: àna kì í tètè ní kí wọ́n dìde.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ní, "Ẹ fi wọ́n síbẹ̀ ná. Ilẹ̀ wa tutù, á tù wọ́n lára."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo wo ìsàlẹ̀, ojú Délé ni mo bá pàdé lábẹ́ kọ́tìnì, kì í ṣe ojú mi ló sì ń wò. Ó wo ẹsẹ̀ mi ọ̀tún, ó wo ti òsì. Mo ká ìka ẹsẹ̀ kò, ìyẹn ló sì bà á jẹ́ pátápátá, nítorí bàtà tí wọ́n gbàgbé sílẹ̀ kì í ká ìka kò. Ó fi ìgúnpá ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dìde, ẹ̀gbọ́n béèrè pé, "Bàbá, ọkùnrin mélòó lẹ bí?"

"Obìnrin ni gbogbo wọn."

"Kò wá sí ọkùnrin kankan nínú ilé yìí báyìí?"

Ta ni yóò sọ fún àna pé télọ̀ wà lẹ́yìn aṣọ, ó ń gbé pálọ̀ dúró? Bàbá ní, "Àfi èmi."

Wọn kò jẹun. Wọ́n ní àwọn ó padà wá, irú ohùn tí a fi ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí a kò ní padà wá bá. Nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé, mo sọ ọ̀pá kalẹ̀, mo sì sọ fún wọn pé Délé ti rí ẹsẹ̀ mi, á sì rò pé ọkùnrin kan ni Bọ́sẹ̀ fi pamọ́.

Bọ́sẹ̀ wo ẹsẹ̀ mi pẹ́. "Télọ̀, ṣé o ò lè gun orí bẹ́ẹ̀dì ni?"

Mo ní, "Ọ̀pá kò dé ọ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀dì."

Ó bú sẹ́kún. Bàbá dé fìlà, ó gba Obánikòró lọ, ó lọ jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: yàrá kan ṣoṣo, àga àyálò, ìṣó tó yọ. Ẹ̀gbọ́n Délé ní ìtàn náà dùn. Ó ní kí Bàbá júwe ṣọ́ọ̀bù télọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kán epo sí máṣíìnì ni Délé àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé. Ẹ̀gbọ́n kò kí mi. Ó ní, "Bọ́ bàtà." Mo bọ́ ọ. Ó wo Délé.

Délé ní, "Bùọ̀dá, mi ò lè mọ̀ ọ́n láti òkè. Ilẹ̀ ni mo wà nígbà tí mo rí i."

Ó ní kí n gbé ọ̀pá kan sókè bí mo ṣe gbé e lánàá. Mo gbé e. Ọmọ olọ́mọ bá dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù mi, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Àwọn olùtẹ̀wé dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n yọrí síta.

Ó ti ilẹ̀ sọ̀rọ̀. "Òun ni. Ẹ wo gìgísẹ̀ rẹ̀, Bùọ̀dá, kò kan ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló wà lánàá, títí a fi dìde. Ẹni tó sá pamọ́ kì í naró lórí ìka ẹsẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan ló ń gbé."

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀, òun náà wò ó. Ó yíjú sí Délé.

"Dìde, lọ pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì. A ní àna láti lọ bẹ̀."

Wọ́n jáde. Màmá Kafaya ké sí mi láti òdìkejì títì. "Ìwọ, kí lo ṣe fún àwọn ọmọ yẹn tí wọ́n fi ń dọ̀bálẹ̀ fún ọ láàárọ̀ kùtù?"

Mo sọ ọ̀pá kalẹ̀, mo wá bàtà mi. Mo ní, "Màmá, gígùn kọ́tìnì ni wọ́n wá wò."