Ìlà òjò tó fẹ́ dá àgbàdo Kuta dúró

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Kuta nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀.

Ìwó ni mò ń gbé, iṣẹ́ kíkọ kóòdù kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Ó pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Ààfáà, ti ń wọn òjò àkọ́rọ̀ ní Kuta, tí wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé. Mo kó iye tí wọ́n kọ, mo fi líbìrárì JavaScript kan, ìyẹn àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, yà á ní ṣáàtì, àwòrán onílà, mo sì gbé e lọ bá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ibẹ̀ lórí fóònù mi. Inú mi dùn, àbí ta ni inú rẹ̀ ò ní í dùn?

Ìyá Sàúdá, olórí ẹgbẹ́ náà, wo ìlà tí mo yà. Ní ti ọdún yìí, ó já wálẹ̀ bí ẹni já sí kòtò. Wọ́n ní àgbàdo ò ṣeé gbìn nìyẹn, kí irúgbìn kálukú ṣì wà nínú àpò. Ni àwọn èèyàn bá ń dìde.

Ọkàn mi ò balẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ṣáàtì náà. Kì í ṣe òdo! Ẹ̀bá iye tó kéré jù ni líbìrárì yẹn ti bẹ̀rẹ̀ kíkà, torí mi ò sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ìyàtọ̀ kékeré wá di ọ̀gbun.

Mo kọ beginAtZero: true, ìyẹn "bẹ̀rẹ̀ láti òdo", sínú options, ibi tí à ń to ètò ṣáàtì sí. Kò yí padà. Mo gbé e síbòmíràn, pàbó. Mo ní mi ò ní í dìde àfi tó bá gbọ́. Mo ka ìwé àlàyé líbìrárì náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àṣé inú scales, ibi ìwọ̀n, lábẹ́ y tó dúró fún ìwọ̀n òòró, ló yẹ kó wà. Bí mo ṣe gbé e síbẹ̀, ìlà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Mo tún sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá nítorí ojú àwọn àgbà.

Ojú tì mí, àmọ́ ta ló máa bá mi tún un ṣe? Mo gun ọ̀kadà padà sí Kuta. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni mo ṣàṣìṣe.

Ìyá Sàúdá ní, "Àwòrán méjì, òjò kan. Èwo ni ká gbà gbọ́?"

Mi ò jiyàn. Mo bẹ Bàbá Ààfáà kí wọ́n ka ìwé wọn sókè, èmi ń fi ìka tọ ìlà náà lórí fóònù. Nígbà tí wọ́n kà dé ti ọdún yìí, Ìyá Sàúdá fi iye náà wé ti èṣí.

"Ó dín lóòótọ́," ni wọ́n wí, "àmọ́ ó tó àgbàdo."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbẹ̀ ti wà lóko. Àgbàdo ọ̀hún ti ga dé orúnkún mi báyìí.

Ohun tí mo kọ́ ni pé nọ́ńbà lè jẹ́ òótọ́, kí àwòrán rẹ̀ ṣini lọ́nà. Kí o tó gbé ṣáàtì síwájú ẹni tó máa fi ṣe ìpinnu, wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kíkà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Option wo lẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, tó fẹ́ kó bá yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ó ń wù mí láti kà á.