Ẹ̀fọ́rí Rolande

Onésime Cyr, ọkọ mi, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ mú un lọ sí abẹ́ ilé yín, níbi tí ìléru tó ń mú ilé yín gbóná wà. Yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan páìpù èéfín, yóò bẹ̀rẹ̀ gbóòórùn ìdí táǹkì epo, yóò wá máa bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ ṣeré. "Ẹ̀hẹn, kí ló dé? Ta ló fìyà jẹ ẹ́?" Èmi tí mo fẹ́ ẹ nígbà tí irun ṣì kún orí rẹ̀, kò fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ rí. Òjòwú ni mí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má baà wá sọ ọ́ fún yín.

Inú oko ọ̀dùnkún ni wọ́n bí i sí, lápá òkè odò St. John ní Amẹ́ríkà, níbi tí èèyàn ti lè dúró lójú fèrèsé kó máa wo Kánádà ní òdìkejì. Òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sùn ní yàrá òkè, iná igi tí wọ́n ń dá nísàlẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wọn, omi inú ife a sì máa dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí ìléru elépo nílé fadá, ó bẹ fadá pé kí ó jẹ́ kí òun jókòó tì í díẹ̀. Wọ́n wá a títí kí wọ́n tó rí i níbẹ̀. Nígbà tó dàgbà, bàbá rẹ̀ ní kí ó gba oko, ó kọ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ ìléru ní ìlú Fort Kent.

Ó mọ iṣẹ́ náà, n kò ní fi ìyẹn dù ú. Ẹlòmíràn á gbé ìléru sílé yín láàárọ̀, á tàn án, á gbowó, ó tán. Onésime kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Orí òrùlé ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, yóò fi okùn sọ tọ́ọ̀ṣì sínú ihò èéfín, yóò wo gbogbo inú rẹ̀. Bí ó bá rí bíríkì tó ti sán, kò ní fi iná sí i títí wọn yóò fi tún un ṣe, ẹ báà sunkún. Yóò da kọnkéré síbi tí ẹ̀rọ náà máa jókòó lé kí ó lè tẹ́jú, kí ó sì jìnnà sí pákó. Páìpù èéfín gbọ́dọ̀ máa gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ dé ara ògiri. Súìṣì pupa gbọ́dọ̀ wà lókè àtẹ̀gùn, kí ẹ lè pa iná láìsọ̀kalẹ̀ lọ bá a. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá lu ihò sára ògiri abẹ́ ilé, èyí tó já sí ìta, kí atẹ́gùn lè máa wọlé bá iná, yóò fi irin oníhò wínníwínní bí asẹ́ bò ó kí eku má baà wọlé.

"Iná náà ń mí," ló máa ń sọ fún àwọn onílé. "Bí ẹ bá dí i nímú, yóò mí ti yín mọ́ tiẹ̀."

Ọdún tí epo gbówó lérí ni Rolande ní kí ó wá ṣe ìléru fún òun. Ọkọ Rolande ti kú, èjìká sì ń dùn ún, kò lè la igi mọ́. Ohun tó sọ nìyẹn. Ohun tí kò sọ ni pé òun àti Onésime ti jọ ń jó ní gbọ̀ngàn ìjọ kí n tó mọ ọmọkùnrin náà rárá, gbogbo abúlé ló sì rò pé wọn yóò fẹ́ra. Èmi ló padà fẹ́. Síbẹ̀, tí mo bá rí obìnrin yẹn tó kun ètè rẹ̀ pupa nítorí pé ó ń lọ gba lẹ́tà, inú á bí mi. Ìdí rẹ̀ ṣì rí bó ṣe rí nígbà ọmọge. Ploye, àkàrà pẹlẹbẹ oníyẹ̀fun tí à ń dín nílẹ̀ wa, tirẹ̀ fẹ́lẹ́, ó lójú wínníwínní, bọ́tà á sì wọnú rẹ̀ dáadáa. Tèmi máa ń lẹ̀ mọ́ páànù.

Iṣẹ́ náà pẹ́. Lójoojúmọ́ ni Onésime ń gbé ploye bọ̀ nínú aṣọ ìnuwọ́ olódòdó.

"Ó ní kí n bá òun mú un fún ẹ," ni ó wí.

"Kò sí ìyẹ̀fun nílé wa ni?"

"Alvina, oúnjẹ lásán ni."

"Gbé e fún ajá."

Ajá jẹ ẹ́, ó tún ń lá aṣọ náà. Ìyẹn náà tún bí mi nínú.

Ìléru náà parí, ó jó dáadáa, yìnyín àkọ́kọ́ rọ̀, mo rò pé a ti bọ́ lọ́wọ́ Rolande. Ìgbà yẹn gan-an ni tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀.

"Alvina, ṣé dáadáa lẹ wà? Jọ̀ọ́, Onésime ńkọ́? Orí ló ń fọ́ mi, òòyì sì ń kọ́ mi. Mo rò pé nǹkan ń ṣe ìléru yẹn."

Onésime á gbé àpótí irinṣẹ́, á lọ. Yóò padà dé, á ní òun ò rí nǹkan kan: iná mọ́, páìpù dára, èéfín ń lọ síbi tó yẹ kó lọ.

"Orí rẹ̀ wá ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ó ti fi í sílẹ̀."

"Nígbà wo?"

"Kò pẹ́ tí mo débẹ̀."

Ó sọ ọ́ báyẹn, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá. Mo sọ síbí ọwọ́ mi mọ́ inú bàsíà. Orí wo ló ń fọ́ obìnrin tó jẹ́ pé ọkọ ọlọ́kọ ni oògùn rẹ̀? Ó tún pè lọ́sẹ̀ kejì. Ó tún pè lẹ́yìn ìyẹn. Gbogbo ìgbà tí Onésime bá ti lọ, ara Rolande á yá, wọn á jókòó mu kọfí, tí Onésime bá sì ti padà sílé, Rolande àti orí rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò sùn mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọkùnrin náà yóò lọ lọ́jọ́ kan, kò sì ní rántí ìdí tó fi yẹ kí ó padà wálé.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, Onésime ti wà nílé ẹ̀kọ́ kan ní Fort Kent láti àárọ̀, ó ń tún ìléru wọn ṣe. Tẹlifóònù dún. Ohùn Rolande rẹlẹ̀, ó ń fà bí ti ẹni tó mutí.

"Alvina... bá mi sọ fún Onésime..."

"Ó ń bọ̀," ni mo wí. Irọ́ ni. Mo wọ bàtà yìnyín mi, mo lọ fúnra mi. Ilé mélòó kan péré ló wà láàárín wa.

Ó ṣílẹ̀kùn fún mi pẹ̀lú aṣọ àwọ̀sùn. Ètè rẹ̀ pupa. Ẹ ò rí nǹkan! Obìnrin tí òòyì ń kọ́ rántí kun ètè.

"Onésime dà?"

"Ó máa tó dé. Mo ní kí n wá bá ẹ jókòó, kí n lè fi ojú ara mi rí ẹ̀fọ́rí náà nígbà tó bá ń jáde lọ."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó jókòó. "O ò yí padà, Alvina. Bí o ṣe rí ní gbọ̀ngàn ìjọ nìyẹn, o máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́pàá."

"Olè ló ń bẹ̀rù ọlọ́pàá."

"Kí ni mo jí?"

"O ò tíì jí i. Ò ń wọ̀n ọ́n ni."

Ilé náà gbóná kọjá ààlà. Ó ti fi ọ̀rá bo gbogbo fèrèsé, ó fi àkísà dí ìdí ilẹ̀kùn, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nígbà òtútù, àgàgà lọ́dún yẹn tí epo wọ́n. Mo ká ọwọ́ mọ́ àyà, mo jókòó, mo ń wò ó. Kò sí ibi tí mò ń lọ. Nígbà tó yá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ èmi náà, wìì, wìì, lẹ́bàá ojú. Mo ní ìbínú ni. Èébì tún ń gbé mi, mo ní ploye tí mò ń gbóòórùn rẹ̀ ni.

Rolande dìde kí ó bu kọfí. Ó da kọfí náà sórí tábìlì, ife wà lọ́tọ̀, kò sì mọ̀. Ó ń dà á lọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Dìde," ni mo wí. "Onésime ò tíì dé, ta lò ń ṣe é fún?"

Ńṣe ló gbé orí lé ẹsẹ̀ tábìlì. Èmi náà fẹ́ dìde, orúnkún mi kọ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi. Mo lè pe Rolande lónírọ́, ṣùgbọ́n orí tó ń fọ́ mi yìí, èmi ni mo ni ín, n kò sì bá a pète nǹkan kan.

Mo di ògiri mú títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà abẹ́ ilé, mo na ọwọ́ sí súìṣì pupa, mo pa ìléru náà. Òórùn èéfín ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, n kò sì sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó. Ìyàwó Onésime ni mí, mo gbọ́n tó ìyẹn. Mo ṣí ilẹ̀kùn ìta sílẹ̀ gbayawu, mo gbá Rolande mú lábẹ́ apá, mo wọ́ ọ jáde sínú yìnyín pẹ̀lú aṣọ àwọ̀sùn rẹ̀. Ó bì sórí bàtà mi. A jókòó síbẹ̀, a ń mí bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò, títí tí ojú mi fi dá.

Mo wé ẹ̀wù mi mọ́ ọn lára, mo yí ẹ̀yìn ilé lọ wo ihò tí Onésime lù. N kò rí ihò kankan. Òkìtì yìnyín ni mo rí. Mo fi ọwọ́ wa yìnyín, mo bá ẹ̀ka igi páìnì tí wọ́n tò mọ́ra sídìí ilé, lábẹ́ ẹ̀ka mo bá ọ̀rá tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ dáadáa. Kò sí ẹni tí kì í ṣe ìdí ilé rẹ̀ báyẹn nílẹ̀ wa kí òtútù tó dé. Èmi náà máa ń ṣe tiwa, ṣùgbọ́n mo máa ń fi ojú ihò sílẹ̀, nítorí pé Onésime á kígbe mọ́ mi. Mo fa ọ̀rá náà ya.

"Ta ló bo ibí yìí?"

"Èmi ni," ni Rolande wí. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé, Alvina. Mo ra epo lówó gọbọi, òtútù tún ń wọlé wá bá mi."

"Onésime ò sọ fún ẹ pé o ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án?"

"Ó sọ ọ́. Àsọjù máa ń wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bá ti di ti ìléru."

Mo mú un lọ sílé mi. Dókítà wá wò wá, ó ní èéfín olóró ìléru ló ti wọ̀ wá lára, orí ló yọ wá, ó sì ní Rolande ò gbọ́dọ̀ padà sílé títí atẹ́gùn yóò fi fẹ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Onésime dé tó gbọ́, ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

"Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ilé ni mo máa ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ bá ìléru," ni ó wí. "Mo máa ń ṣí i sílẹ̀ gbayawu nítorí ẹrù ọwọ́ mi. Èmi ni mò ń mú atẹ́gùn wọlé. Iná á mí, á mọ́, ara Rolande náà á yá. Tí mo bá ti ilẹ̀kùn tí mo lọ, ó tún di..."

"O ò yí ilé yẹn po kó o wo ihò náà láti ìta!"

"Láti inú mo rí irin rẹ̀ pé ó ṣí. Yìnyín pọ̀ lẹ́yìn."

"Yìnyín kọ́. Kọfí ni. Ploye ni!"

Ó mú ṣọ́bìrì, ó lọ gbẹ́ ẹ̀yìn ilé Rolande, ó sì lọ ṣí gbogbo fèrèsé rẹ̀.

Ó wá ku èmi àti Rolande nídìí tábìlì mi. Ohun pupa tó kùn sétè ti ṣí kúrò, ètè rẹ̀ funfun, ó jọ obìnrin àgbàlagbà tí òtútù mú. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo kúkú sọ òótọ́. Mo bu ọbẹ̀ adìẹ fún un, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó léjìká, ọ̀rọ̀ sì ti wà lẹ́nu mi pé kí ó má bínú, pé mo ti rò ó sí burúkú.

Òun ló kọ́kọ́ gbé síbí sílẹ̀.

"Alvina."

"Kí ni?"

"Ẹ̀fọ́rí yẹn, òótọ́ ni o."

"Mo mọ̀. Ó fọ́ èmi náà."

"Ṣùgbọ́n ká ní kò fọ́ mi," ni ó wí, ó sì ń wò mí lójú kòrókòró, "ǹ bá ti wá nǹkan mìíràn tí mà á máa tìtorí ẹ̀ pè é."

Mo gbé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi mì. Mo ní kí ó jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ kí ó tó tutù. Mo wá fa àga mi, mo gbé e sáàárín òun àti ilẹ̀kùn tí Onésime máa gbà wọlé, mo sì jókòó.